Iṣẹ́ wíáháùsì àwọn tó ń tajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì: ohun tí àwọn ará Òṣogbo ń béèrè nípa bó ṣe ń gba ara

Sítọ̀ tí mo ń bójú tó ní Òṣogbo yìí, ẹrù tí àwọn èèyàn rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ló ń gba ibẹ̀ kọjá. Gbogbo ìgbà ni wọ́n ń wá bèèrè iṣẹ́ lọ́wọ́ wa, òbí míì á tiẹ̀ mú ọmọ ẹ̀ lọ́wọ́ wá. Owó oṣù ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń béèrè. Ohun tí iṣẹ́ náà máa fi ara ṣe kì í wá sí wọn lọ́kàn títí ẹ̀yìn á fi bẹ̀rẹ̀ sí í ro wọ́n. Àwọn ìbéèrè tó jẹ mọ́ ti ara ni mo kó jọ síbí. Ẹ ka èyí tó bá kàn yín.

Kí ni wọ́n ń ṣe nínú wíáháùsì gan-an? Ṣé kì í ṣe pé èèyàn á kàn jókòó ti kọ̀ǹpútà?

Ẹni tó jókòó ti kọ̀ǹpútà wà, ṣùgbọ́n àwọn tó wà lórí ìdúró pọ̀ jù ú lọ fíìfíì. Ẹrù á dé, wọ́n á já a látinú ọkọ̀. Wọ́n á tú u, wọ́n á kà á, wọ́n á tò ó sórí pẹpẹ. Bí oníbàárà bá ra nǹkan, ẹnìkan á rí i lójú sikánà, ẹ̀rọ kékeré tó ń ka àmì ara ọjà, á rìn lọ sídìí pẹpẹ tí nǹkan náà wà, á mú un wá. Pikà nìyẹn. Pákà á dì í sínú páálí, á fi sẹ́lòtéèpù dè é, á lẹ àdírẹ́sì mọ́ ọn. Àwọn tó kù á pín in sí ọ̀nà ìlú kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì tún kó o sínú ọkọ̀.

Èkó ni ọ̀pọ̀ wíáháùsì ńlá tó pín iṣẹ́ báyìí wà. Jumia àti Konga, tí wọ́n dá sílẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún 2012, wà lára àwọn tó jẹ́ ká mọ irú iṣẹ́ yìí ní Nàìjíríà. Èyí tó pọ̀ ní Òṣogbo ni ibùdó tí oníbàárà ti ń wá gba ẹrù ẹ̀, sítọ̀ àwọn tó ń bá èèyàn fi ẹrù ránṣẹ́, àti ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń tajà lórí WhatsApp àti Instagram. Níbi tiwa, àwọn ọmọ iṣẹ́ kò pọ̀. Ẹnìkan náà ló ń já ẹrù láàárọ̀, tó ń pín in lọ́sàn-án, tó tún ń gbálẹ̀ nírọ̀lẹ́. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn bí ẹ bá ń gbọ́ tí wọ́n ń sọ pé sítọ̀ kékeré ò le.

Lébìrà ni mí tẹ́lẹ̀. Mo ti ru sìmẹ́ńtì, mo ti ru búlọ́ọ̀kù. Iṣẹ́ páálí wo ló fẹ́ mú mi?

Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Nínú àwọn tó ń tètè fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀, lébìrà wà níbẹ̀.

Àpò sìmẹ́ńtì kan jẹ́ kílò 50. Páálí tí ẹ ó máa gbé lè má ju kílò 8 lọ. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbé páálí kílò 8 nígbà 200, kílò 1,600 lẹ gbé yẹn. Àpò sìmẹ́ńtì 32 nìyẹn. Kò sí ọ̀kan nínú páálí wọ̀nyẹn tó wúwo lójú, ìdí sì nìyẹn tí èèyàn kì í fi í tètè mọ̀ pé ó ti ń rẹ òun.

Ní sáìtì, bí ẹ bá ru èyí tó wà nílẹ̀ tán, ẹ ó dúró kí wọ́n po òmíràn. Bíríkìlà á ní kí ẹ ṣì mú sùúrù, ẹ ó bu omi mu, ẹ ó bá ẹnìkejì yín ṣàwàdà. Orí lẹ sì fi ń ru ẹrù, ẹ̀yìn dúró ṣánṣán. Ní wíáháùsì, ọwọ́ lẹ fi ń gbé e níwájú. Ẹ ó bẹ̀rẹ̀, ẹ ó nàgà, ẹ ó yí ìbàdí, ẹ ó tún bẹ̀rẹ̀, kò sì sí pé à ń dúró de ẹni tó ń po nǹkan kan. Ìwúwo ẹrù kọ́ ló ń ba ara jẹ́ nínú iṣẹ́ yìí, àìdáwọ́dúró ni. Bí ẹ bá ní ohun kan ṣoṣo ni kí n sọ fún ẹni tó fẹ́ wọ̀ ọ́, ohun tí n óò sọ nìyẹn.

Kílò mélòó ló yẹ kí èèyàn máa gbé?

NIOSH, ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń ṣèwádìí lórí ìlera àwọn òṣìṣẹ́, fi kílò 23 ṣe ìbẹ̀rẹ̀ ìṣirò tiwọn. Ìyẹn, bí ohun gbogbo bá gún: kí ẹrù sún mọ́ ara, kó ní ibi dídìmú, kí èèyàn má yí ìbàdí, kó má sì jẹ́ lemọ́lemọ́. Bí ọ̀kan bá ti yẹ̀ nínú wọn, iye náà á bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀.

Ti HSE, àjọ ìjọba tó ń rí sí ààbò lẹ́nu iṣẹ́ ní ìlú Ọba, ni mo fẹ́ràn jù, torí wọ́n wo ibi tí ẹrù wà kí wọ́n tó sọ iye. Bí ẹrù bá wà ní ọ̀gangan ìbàdí, tó sún mọ́ ara, kílò 25 ni fún ọkùnrin, 16 fún obìnrin. Bó bá wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, 10 fún ọkùnrin, 7 fún obìnrin. Bó bá ga ju èjìká lọ, 10 àti 7 náà ni. Bí ẹ bá tún wá na ọwọ́ síwájú láti gbé èyí tó wà nílẹ̀, ó di 5 àti 3. Ìtọ́nà ni, kì í ṣe òfin tó ní kí wọ́n mú ẹni tó bá kọjá ẹ̀.

Ẹ wá wo bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nílé wa. Ọkùnrin tó lè gbé kílò 25 lórí tábìlì, kílò 10 péré ló yẹ kó gbé nílẹ̀. Síbẹ̀, ilẹ̀ náà la máa ń kó gbogbo ẹrù sí.

Báwo ni èèyàn ṣe ń gbé ẹrù tí ẹ̀yìn ò fi ní gé?

Ẹ kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ ti páálí náà díẹ̀, kí ẹ lè mọ bó ṣe wúwo tó àti ẹ̀gbẹ́ tó fì sí. Ọ̀pọ̀ ẹ̀yìn ló ti gé nítorí pé èèyàn rò pé aṣọ ló wà nínú páálí, tó sì jẹ́ bátìrì ínfátà. Ẹ gbé ẹsẹ̀ kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹrù náà, kí ìkejì wà lẹ́yìn díẹ̀. Ẹ tẹ orúnkún. Ẹ fi ọwọ́ kan di igun ìsàlẹ̀ mú, kí ọwọ́ kejì di igun òkè tó dojú kọ ọ́. Ẹ fà á mọ́ra títí yóò fi kan ikùn yín, lẹ́yìn náà kí ẹ wá dìde, kó jẹ́ pé itan ló ń gbé e, kì í ṣe ẹ̀yìn.

Ibi tí wọ́n ti ń fara pa jù kì í ṣe ìgbà tí wọ́n ń dìde. Ìgbà tí wọ́n ti dìde tán ni. Tọ́rọ́lì wà lọ́wọ́ òsì, èèyàn á fi ẹsẹ̀ méjèèjì mọ́lẹ̀, á sì fi ìbàdí nìkan yí páálí náà lọ sórí ẹ̀. Ẹ má ṣe é. Ẹ gbé ẹsẹ̀ yí. Ìṣísẹ̀ kan péré ni, kì í gba àkókò.

Àmọ́ ká sọ òótọ́: gbogbo ohun tí mo kọ sókè yìí, ẹni tó bá ti ń gbé ẹrù fún wákàtí mẹ́rin kì í rántí ẹ̀ mọ́. Nítorí ẹ̀ ni mi ò fi gba ọ̀gá tó ń sọ pé òun ti kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ òun bí wọ́n ṣe ń gbé ẹrù, kó sì gbàgbé pé ilẹ̀ lòun kó ẹrù sí.

Ẹ ní wọ́n máa ń rìn. Ṣé ìrìn náà tó nǹkan ni?

Nínú àwọn wíáháùsì Amazon, ilé iṣẹ́ ńlá ti Amẹ́ríkà tó ń tajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí rọ́bọ́ọ̀tì tó dé, pikà lè rìn ju kílómítà 16 lọ lójúmọ́. Ẹni tó bá fẹsẹ̀ rìn láti Òṣogbo dé Ẹdẹ kò tíì rìn tó bẹ́ẹ̀. Tiwa kò pọ̀ tó yẹn, torí sítọ̀ wa kò fẹ̀. Ohun tó ń bá wa jà níbí ni dídúró pẹ́ lórí sìmẹ́ńtì, gìgísẹ̀ ló sì máa ń kọ́kọ́ kígbe. Bí ẹ bá jí láàárọ̀, tí ìṣísẹ̀ àkọ́kọ́ dùn yín ní gìgísẹ̀ bí ìgbà tí abẹ́rẹ́ gún un, tó wá ń rọlẹ̀ bí ẹ ṣe ń rìn kiri nínú ilé, iṣan abẹ́ ẹsẹ̀ ló ti ń bínú yẹn. Ẹ fi omi sínú ìgò oníke, ẹ jẹ́ kó dì, kí ẹ máa fi àtẹ́lẹsẹ̀ yí i síwá sẹ́yìn ní alẹ́. Ẹ má dúró kó di wàhálà ọlọ́pọ̀ oṣù.

Ọ̀rọ̀ bàtà wá ńkọ́? Sílípáàsì kọ́. Bí ẹ bá fẹ́ ra kanfáàsì ọkírìíká ní ọjà Ìgbónà, ẹ dì í mú níwájú àti lẹ́yìn, kí ẹ ká a. Bó bá ká láàárín gbùngbùn, ẹ dá a padà fún un, ó ti kú. Níbi ọmọ ìka ẹsẹ̀ ni bàtà tó ṣì lágbára ti ń ká. Ìrọ̀lẹ́ sì ni kí ẹ lọ rà á, nígbà tí ẹsẹ̀ ti wú díẹ̀, kí ẹ má baà ra èyí tó máa há yín lọ́sàn-án. Ẹni tó ń já ẹrù látinú ọkọ̀ nílò bàtà tó ní irin níwájú, ọ̀gá ló sì yẹ kó rà á fún un.

Pákà ni wọ́n fẹ́ fi mí ṣe. Ṣé ìyẹn ò rọrùn ju pikà lọ?

Ó rọrùn fún ẹsẹ̀, kò rọrùn fún ọwọ́. Ẹ wo pákà dáadáa níbi tó bá ti ń ṣiṣẹ́: ó ká páálí, ó fa sẹ́lòtéèpù, ó já a, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó yí páálí, ó tún fa òmíràn. Ọrùn ọwọ́ kan náà ló ń ṣe gbogbo ẹ̀ láti àárọ̀ dé alẹ́, bí ẹni ń gún iyán tí kò fi jinná. Bí àtàǹpàkò àti ìka méjì tó tẹ̀ lé e bá ń kú tipiri lóru, tí ẹ sì ní láti gbọn ọwọ́ kó tó padà bọ̀ sípò, ẹ fi han dókítà. Iṣan tó gba inú ọrùn ọwọ́ kọjá ló há yẹn.

Ohun tó ń dá kún un ni tábìlì. Káfíńtà wa máa ń kan tábìlì bí ẹni tó fẹ́ jókòó jẹun sídìí ẹ̀, pákà sì rèé, ìdúró ló wà. Á wá tẹ ọrùn àti ẹ̀yìn lé e lórí. Gíga ìgúnpá ni tábìlì pákà yẹ kó tó. Búlọ́ọ̀kù ínṣì mẹ́fà lábẹ́ ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, bó bá jókòó dáadáa, ti tún un ṣe. Owó ẹ̀ kò tó nǹkan.

Kí ni wọ́n ń pè ní tágẹ́ẹ̀tì? Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ní tágẹ́ẹ̀tì ló lé òun kúrò níṣẹ́.

Iye ẹrù tí wọ́n ní kí ẹ mú tàbí kí ẹ dì láàárín wákàtí kan ni. Ní àwọn ilé iṣẹ́ ńlá, sikánà ló ń kà á. Ẹ̀rọ náà á mọ ìgbà tí ẹ fi kan nǹkan kẹ́yìn, á sì mọ iye ìṣẹ́jú tó ti kọjá lẹ́yìn náà. Sikánà kì í parọ́, kì í sì í mọ̀ pé ilé ìtọ̀ lẹ lọ.

Ibẹ̀ ni gbogbo ohun tí mo ti ń sọ bọ̀ ti so pọ̀. Ẹni tí tágẹ́ẹ̀tì ń lé kò ní fẹsẹ̀ ti páálí wò kó tó gbé e. Kò ní gbé ẹsẹ̀ yí, ìbàdí ló máa fi yí. Kò ní mu omi, torí kó má baà tọ̀. Obìnrin míì á mú ìtọ̀ mọ́ra títí tí àìsàn ilé ìtọ̀ á fi mú un. Ní ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà, òfin kan bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2022 tó ní kí àwọn wíáháùsì ńlá kọ tágẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ fún òṣìṣẹ́, kí wọ́n má sì gbé èyí tí kò ní jẹ́ kó ráyè jẹun tàbí lọ ilé ìtọ̀ ka ẹnikẹ́ni lórí. Pé wọ́n ní láti fi òfin gbà kí èèyàn tó lè tọ̀, ẹ jẹ́ kí ìyẹn sọ bí iṣẹ́ náà ṣe rí fún yín.

Níbí, ẹ béèrè kí ẹ tó wọlé: ṣé tágẹ́ẹ̀tì wà? Mélòó ni? Kí ni wọ́n ń ṣe fún ẹni tí kò bá bá a? Oṣù kọkànlá ló máa ń gbóná jù, nígbà títa Black Friday, tí ó sì ń wọ Kérésìmesì. Ìgbà náà ni wọ́n ń gba kásúà, àwọn òṣìṣẹ́ ìgbà díẹ̀, rẹpẹtẹ, tí ara wọn kò tíì mọ iṣẹ́.

Ooru ńkọ́? Páànù ni wọ́n fi bo gbogbo sítọ̀ tí mo mọ̀.

Òótọ́ ni, kò sì sí sílíìnì lábẹ́ ọ̀pọ̀. Ní oṣù kejì sí ìkẹta, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, inú ibẹ̀ máa ń móoru ju ìta lọ. Ẹ má dúró de òǹgbẹ, ẹ máa mu omi díẹ̀díẹ̀ látàárọ̀. Bí ẹ bá ti làágùn gan-an, omi lásán kò tó mọ́. Píọ̀ wọ́tà méjì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìdajì lítà, ẹ dà á sínú ike tó mọ́. Ṣíbí ìmutíì mẹ́fà ṣúgà, tí ẹ fi ọwọ́ gé orí ẹ̀, àti ìdajì ṣíbí náà iyọ̀. Ẹ má fojú bù ú o, pàápàá iyọ̀. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ìtọ̀ ṣúgà, kó bi dókítà ẹ̀ kó tó mu ún.

Bí orí bá ń fọ́ yín, tí ojú ń ṣú yín, tí iṣan ẹsẹ̀ ń fà, ẹ jáde síbi afẹ́fẹ́. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìsọkúsọ, tí ara ẹ̀ gbóná jáì, tàbí tó ṣubú, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àdúrà nìkan nìyẹn. Ẹ gbé e sábẹ́ òjìji, ẹ da omi sí i lára, ẹ máa fẹ́ ẹ, kí ẹnìkan máa wá ọkọ̀ tó máa gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́wọ́ kan náà. Ooru ń pa èèyàn.

Mùsùlùmí ni mí. Ṣé mo lè gba ààwẹ̀ kí n sì máa ṣe é?

Ọ̀pọ̀ wa ní Òṣogbo ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ bá ọ̀gá sọ̀rọ̀ kí Ràmádáànì tó wọlé, kí wọ́n jẹ́ kí ẹ já ẹrù ní kùtùkùtù nígbà tí oúnjẹ sààrì ṣì wà lára, kí ọ̀sán jẹ́ ti kíkọ nǹkan àti pípín ẹrù kéékèèké. Ẹ mu omi dáadáa ní sààrì, má jẹ́ kó jẹ́ tíì nìkan. Bí ojú bá ṣú yín lẹ́nu iṣẹ́, ohun tí ẹ̀sìn sọ nípa ẹ̀, ẹ bi ààfáà yín. Tèmi ni pé kí ẹ má gun àkàbà lọ́jọ́ náà.

Ṣé obìnrin lè ṣe é? Bó bá wá lóyún ńkọ́?

Obìnrin ń ṣe é, wọ́n sì ń ṣe é dáadáa. Ẹ ti rí iye tí HSE kọ fún wọn lókè. Bó bá ti lóyún, kó tètè sọ, kí wọ́n má baà máa fi ẹrù ilẹ̀ àti àkàbà lọ̀ ọ́. Bí oyún ṣe ń dàgbà, ikùn kò ní jẹ́ kí ẹrù sún mọ́ ara, ẹ̀yìn ló sì máa ru àfikún náà. Òfin iṣẹ́ Nàìjíríà fún un láyè láti fi iṣẹ́ sílẹ̀ bí dókítà bá kọ̀wé pé ó ṣeé ṣe kó bímọ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kò sì gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn ìbímọ. Bó bá ti lo oṣù mẹ́fà ṣáájú lẹ́nu iṣẹ́ náà, ó kéré tán, ìdajì owó ẹ̀ gbọ́dọ̀ máa wọlé. Bó bá padà, ààbọ̀ wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ wà fún un láti fún ọmọ lọ́mú. Àwọn ọ̀gá tí kò mọ èyí pọ̀ ju àwọn tó mọ̀ ọ́n lọ.

Àwọn ọmọkùnrin ibẹ̀ ń mu àgbo ọpa ẹ̀yìn láàárọ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ṣé ó ń ṣiṣẹ́?

Ọtí líle ni wọ́n fi ń rẹ ọ̀pọ̀ nínú paraga tí wọ́n ń tà ní gáréèjì. Ohun tí ẹ ń pè ní okun yẹn, ọtí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yìn ṣì ń dun yín, ẹ ò kàn gbọ́ ọ mọ́ ni, ẹ ó sì máa gbé e lọ títí nǹkan á fi já. Mi ò jẹ́ kí ẹni tó bá ti mu ún gun àkàbà lọ́dọ̀ mi, bí inú ẹ̀ bá ń bí, mi ò kọ̀.

Tramadol burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Oògùn ìrora líle tí dókítà gbọ́dọ̀ kọ fúnni ni, ó ń di bárakú, ó sì lè fa gìrì. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó torí iṣẹ́ á wá máa ṣiṣẹ́ torí kó lè rà á.

Ibuprofen àti diclofenac tí ẹ ń rà ní kẹ́mísì ńkọ́? Fún ọjọ́ kan sí méjì, lẹ́yìn oúnjẹ, kò burú fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Àmọ́ ẹni tó ń lò ó lójoojúmọ́ lórí ikùn òfìfo ń wá ọgbẹ́ inú. Ẹni tó ń lò ó nígbà tó ti làágùn tí kò sì mu omi, kíndìnrín ló ń fi ta tẹ́tẹ́.

Bẹ́líìtì ẹ̀yìn tí wọ́n ń dè mọ́kùn, ṣé kí n rà á?

Ẹ fi owó ẹ̀ ra bàtà. NIOSH ti sọ ọ́ ní ọdún 1994 pé kò sí ẹ̀rí pé ó ń dáàbò bo ẹ̀yìn ẹni tí ara ẹ̀ dá.

Ẹ̀yìn ti ń dùn mí. Ṣé kí n dùbúlẹ̀ ni?

Rárá o. Ẹ sinmi kúrò nídìí ẹrù fún ọjọ́ mélòó kan, ṣùgbọ́n ẹ máa rìn kiri. Ìdùbúlẹ̀ gbọọrọ máa ń mú kí ẹ̀yìn gan ni. Ọ̀pọ̀ ẹ̀yìn dídùn á rọlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Àwọn tí kò yẹ kí ẹ fi falẹ̀ rèé: bí ìrora bá gba ìdí sọ̀kalẹ̀ dé abẹ́ orúnkún, bí ẹsẹ̀ kan bá ń rọ, tàbí bó bá ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ. Ẹ lọ rí dókítà, kí ẹ sì béèrè bóyá ẹ nílò àwọn onífisiotẹ́rápì; ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn ti UNIOSUN wà nínú Òṣogbo níbí. Bí abẹ́ àti àárín itan bá kú tipiri, tàbí tí ìtọ̀ kò jáde mọ́, tàbí tó ń jáde fúnra ẹ̀, ẹ má dúró dọ̀la, alẹ́ ọjọ́ náà ni kí ẹ lọ.

Bí nǹkan bá yọ lábẹ́ ikùn tàbí ní ìtan nígbà tí ẹ ń gbé ẹrù, tó ń wọlé bí ẹ bá dùbúlẹ̀, ìpá ni. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi ń tún un ṣe, kì í ṣe àgbo.

Bí mo bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́, ta ni yóò sanwó?

Òfin tí wọ́n ṣe ní ọdún 2010 lórí owó gbà-má-bínú fún òṣìṣẹ́ tó fara pa ní kí ọ̀gá máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo owó oṣù tó ń san fún àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀ sọ́dọ̀ NSITF, àjọ ìjọba tó ń bójú tó owó náà, owó náà kò sì gbọdọ̀ jáde lára owó yín. Ibẹ̀ ni ìtọ́jú ẹni tó fara pa ti yẹ kó wá. Òfin náà ka kásúà mọ́ òṣìṣẹ́, kódà bó jẹ́ pé ẹnu lẹ fi ṣàdéhùn.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Láàárín ọjọ́ 14 ni kí ẹ ti sọ fún ọ̀gá pé ẹ fara pa. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: ọjọ́, aago, ibi tó ti ṣẹlẹ̀, ẹni tó wà níbẹ̀, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí wọn lórí WhatsApp kí déètì lè wà lára ẹ̀. Ọ̀gá náà ní ọjọ́ méje láti sọ fún NSITF. Bí ó bá ní òun ò san nǹkan kan fún wọn rí, gbèsè tirẹ̀ nìyẹn, ẹ̀yin ẹ lọ sí ọ́fíìsì wọn.

Ìsinmi mélòó ló tọ́ sí mi?

Bí ẹ bá ń ṣiṣẹ́ wákàtí mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́, òfin iṣẹ́ ní kí ìsinmi yín tó wákàtí kan lápapọ̀. Ọjọ́ kan nínú méje, ẹ kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn oṣù méjìlá, ó kéré tán, ìsinmi ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́fà pẹ̀lú owó. Bí dókítà bá kọ̀wé pé ara yín ò yá, ọjọ́ iṣẹ́ 12 lọ́dún.

Ṣé rọ́bọ́ọ̀tì ò ní gba iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ wa?

Tọ́rọ́lì tiwa gan-an, táyà ẹ̀ kan ò yí. Ẹ jẹ́ ká ṣì fi rọ́bọ́ọ̀tì sílẹ̀ ná.

Ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ níbòmíì yẹ ká mọ̀. Ní 2012, Amazon fi dọ́là mílíọ̀nù 775 ra Kiva, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe rọ́bọ́ọ̀tì tó ń gbé pẹpẹ wá bá òṣìṣẹ́ níbi tó dúró sí. Ìrìn dín kù lóòótọ́. Tágẹ́ẹ̀tì ló wá lọ sókè, torí ẹ̀rọ kì í jẹ́ kí pẹpẹ tán níwájú èèyàn. Ó ń bẹ̀rẹ̀, ó ń nàgà, lójú kan náà. Ní ọdún 2020, àwọn oníròyìn tó yẹ àkọsílẹ̀ ìfarapa ilé iṣẹ́ náà wò rí i pé wíáháùsì tó ní rọ́bọ́ọ̀tì ni wọ́n ti ń fara pa jù.

Mo fẹ́ jáde lọ kàwé ní UK, wọ́n ní wíáháùsì ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Ṣé ó yàtọ̀?

Iṣẹ́ kan náà ni, ó kàn létò jù ni. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ka dìgírì kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ ju wákàtí 20 lọ lọ́sẹ̀ nígbà tí ilé ìwé bá ń lọ lọ́wọ́. Bí iṣẹ́ bá ju wákàtí mẹ́fà lọ, ìsinmi ogún ìṣẹ́jú ni òfin wọn fúnni, èyí tó kéré sí ti wa lórí ìwé. Àmọ́ tiwọn, wọ́n máa ń fúnni. Iṣẹ́ òru pọ̀, ẹni tó sì ń ti ibẹ̀ lọ kíláàsì láàárọ̀ ń fi ìlera ẹ̀ wewu. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe pé inú àwọn onílùú dùn sí i: ní oṣù kìíní ọdún 2023, àwọn òṣìṣẹ́ Amazon ní Coventry da iṣẹ́ sílẹ̀ lórí owó iṣẹ́, ìgbà àkọ́kọ́ tí irú ẹ̀ máa ṣẹlẹ̀ ní Amazon ní ìlú Ọba. Ẹni tí kò dúró ṣiṣẹ́ rí níbí, kó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn dáadáa ní oṣù méjì kó tó gbéra.

Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún. Ṣé ó ti pẹ́ jù?

Fún jíjá ẹrù, mo rò bẹ́ẹ̀, àyàfi bó bá jẹ́ pé irú ẹ̀ lẹ ti ń ṣe bọ̀. Fún kíka ọjà àti pípín ẹrù kéékèèké, àgbàlagbà dára jù. Wọn kì í ṣi ẹrù Ìkìrun gbé sínú ti Ìkirè.

Èmi ni mo ni ọjà. Yàrá kan nílé mi ní Òkè-Baálẹ̀ ni mo fi ṣe sítọ̀, ọmọ iṣẹ́ méjì ni mo ní. Kí ni mo lè ṣe láì náwó púpọ̀?

Ẹ wo ìwé títà yín ti oṣù tó kọjá, kí ẹ mọ ọjà tó ń jáde jù. Ìyẹn ni kí ẹ gbé sí àárín orúnkún sí àyà. Èyí tó wúwo àmọ́ tí kì í jáde lemọ́lemọ́, ẹ fi sí pẹpẹ ìsàlẹ̀, kó ga díẹ̀ kúrò nílẹ̀. Èyí tó fúyẹ́, bí ìgbà tí ẹ bá ń ta wíìgì tàbí aṣọ, ló ń lọ sókè. Àkàbà tó dúró gbọn-in ni kí ẹ rà, kì í ṣe ṣíà oníke.

Pálẹ́ẹ̀tì onígi tí wọ́n ti lò wà lọ́jà. Méjì tí ẹ bá to léra wọn á gbé páálí kúrò nílẹ̀. Bí ẹrù bá dé láti Èkó nínú àpò ńlá, ẹ má ní kí ọmọ kan dá gbé e wọlé. Ẹ tú u lẹ́nu ọ̀nà, kí wọ́n gbé e wọlé díẹ̀díẹ̀. Ẹ sọ fún ẹni tó ń fi ọjà ránṣẹ́ sí yín pé kó má di páálí kan kọjá kílò 15, kó sì kọ kílò ẹ̀ sára. Èyí ló máa ń ṣòro jù nínú gbogbo ẹ̀, torí ẹni tó ń dì í l'Ékòó kì í ṣe òun ló máa gbé e sọ̀kalẹ̀ ní Òṣogbo, ó sì fẹ́ kí iye páálí kéré kí owó ọkọ̀ lè dín. Ẹ bá a dúnàá dúrà. Bó bá kọ̀, ẹ san àfikún owó ọkọ̀ náà.